Nígbà tí sensor bá ń já lórí kẹ̀kẹ́ inú ilé: bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀

Ẹ ń gun òkè lọ nínú Zwift, áàpù tí a fi ń gun kẹ̀kẹ́ inú ilé bí eré, ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́, òógùn ń dà, àfi bí nọ́ńbà wáàtì ṣe já sí òdo lójijì, tí ẹni tó dúró fún yín lójú ẹ̀rọ dúró gbagidi. Ó padà dé, ẹ gùn ún díẹ̀, ó tún já. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé ká pa gbogbo nǹkan, ká tún tan wọ́n. Ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́ nígbà míì, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ohun tó wò ó sàn, tó bá sì tún dé lọ́la, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lẹ tún wà.

Kẹ̀kẹ́ gidi tí a gbé lé trainer, ẹ̀rọ tó ń di kẹ̀kẹ́ mú lójú kan tó sì ń mú pẹ́dà le, ni mò ń sọ, yálà òtútù oṣù kìíní ní London ló lé yín wọlé ni o, tàbí dánfó àti kòtò ojú títì Èkó. Zwift ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ẹni tó ń lo TrainerRoad, Rouvy tàbí MyWhoosh á rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, orúkọ bọ́tìnì ló yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó ń ṣe yín

Oríṣi mẹ́ta ni, ìtọ́jú wọn ò sì papọ̀. Ó lè jẹ́ pé áàpù ò rí sensor rárá, ìyẹn ohun tó ń wọn wáàtì, ìlù ọkàn tàbí yíyí ẹsẹ̀ (trainer náà wà lára wọn). Ó lè jẹ́ pé ó rí i, ó so mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń já láàárín ìrìn. Ó sì lè jẹ́ pé kò já rárá, nọ́ńbà tó ń mú wá ni kò bójú mu. Ẹni tó ń pààrọ̀ bátìrì nítorí oríṣi kẹta kàn ń náwó lásán ni.

Nígbà tó bá já, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ wò ó: ṣé sensor kan ṣoṣo ló lọ ni, àbí gbogbo wọn jọ lọ? Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ara rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí: bátìrì rẹ̀, ibi tó wà, tàbí ẹ̀rọ míì tó dì í mú. Tí gbogbo wọn bá jọ pòórá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi sensor sílẹ̀, ẹ dojú kọ ohun tó ń gba ọ̀rọ̀ wọn, ìyẹn dongle (ohun kékeré tí a ń fi bọ ihò USB) tàbí Bluetooth láptọ́ọ̀pù. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin ṣì ń lọ, wáàtì ṣì ń hàn, ṣùgbọ́n àwọn yòókù pòórá lójú ọ̀nà tó wá ku ẹ̀yin nìkan, íntánẹ́ẹ̀tì ló lọ. Sensor ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyà jẹ ẹ́.

ANT+ àti Bluetooth ò jọra

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ sensor fi ń sọ̀rọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ń lo méjèèjì pọ̀. ANT+ dà bí akéde ìlú: ó ń pariwo nọ́ńbà rẹ̀ sí afẹ́fẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí ló lè gbọ́, wọn ì báà jẹ́ mẹ́wàá. Aago ọwọ́ yín, kọ̀ǹpútà kékeré orí kẹ̀kẹ́ àti láptọ́ọ̀pù lè jọ gbọ́ bẹ́líìtì àyà kan náà, èyí tó ń ka ìlù ọkàn, láìsí ìjà. Bluetooth kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kan ló ń so mọ́, nígbà tó bá sì ti so mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ sensor máa ń dákẹ́ fún gbogbo ẹlòmíì. Àwọn tuntun kan ti ń gba ju ẹyọ kan lọ. Bẹ́líìtì Polar H10, fún àpẹẹrẹ, lè so mọ́ ẹ̀rọ Bluetooth méjì lẹ́ẹ̀kan náà kó sì tún máa kéde lórí ANT+. Ẹ má ṣáà retí ìyẹn lára trainer ọlọ́jọ́ pípẹ́.

iPhone kì í gbọ́ ANT+, ọ̀pọ̀ fóònù Android náà kì í gbọ́ ọ. Láptọ́ọ̀pù nílò dongle kékeré kan nínú ihò USB kó tó lè gbọ́. Torí náà, tó bá jẹ́ fóònù tàbí táblẹ́ẹ̀tì lẹ fi ń gùn ún, Bluetooth lẹ̀ ń lò, ẹ lè fo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ dongle nísàlẹ̀.

Tí áàpù ò bá rí i rárá

1. Ẹ jí i. Sensor ẹsẹ̀ àti pẹ́dà tó ń wọn wáàtì máa ń sùn kí bátìrì lè pẹ́. Ẹ wa pẹ́dà yípo dáadáa, kí ẹ tó sọ fún áàpù pé kó wá a. Trainer náà ń fẹ́ kí ẹ wà á díẹ̀. Bẹ́líìtì àyà ò ní jí àfi tó bá wà lára yín tó sì tutù. Èyí tó wà lórí tábìlì ò lè jí.

2. Ẹ wá ẹni tó dì í mú. Tí ẹ ò bá ní ráyè ṣe nǹkan míì nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ ṣe èyí. Fóònù tó wà nínú àpò yín, táblẹ́ẹ̀tì ọmọ ní pálọ̀, aago ọwọ́, kọ̀ǹpútà orí kẹ̀kẹ́: èyíkéyìí tó bá ti bá trainer pàdé rí lè so mọ́ ọn kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀daràn tó wọ́pọ̀ jù ni áàpù iléeṣẹ́ tó ṣe trainer náà. Ẹ ṣí i lánàá láti fi ṣe update, ẹ gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì di trainer mú títí di òní. Ẹ pa áàpù náà pátápátá, kì í ṣe pé kí ẹ kàn kúrò lójú rẹ̀. Tó bá ṣì ń ṣòro, ẹ pa Bluetooth gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú ilé, ẹ fi èyí tí ẹ fẹ́ lò nìkan sílẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà mọ̀. Ẹ gba nRF Connect sórí fóònù. Áàpù ọ̀fẹ́ ni, Nordic Semiconductor, iléeṣẹ́ kan ní Norway, ló ṣe é. Ẹ ṣí i, ẹ ní kó wá ohun tó wà ní àyíká, yóò to orúkọ gbogbo ohun tó ń kéde lórí Bluetooth sílẹ̀, yóò sì kọ bí agbára ìró kọ̀ọ̀kan ṣe tó síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹ wa pẹ́dà. Tí orúkọ trainer bá jáde, àyè ṣì wà láti so mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú áàpù tí ẹ fi ń gùn ún ni wàhálà wà. Tí kò bá jáde, tí trainer sì tan, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ míì ti gbà á. Nọ́ńbà agbára náà máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú: -50 dára gan-an, bó bá ti ń sún mọ́ -90, nǹkan kékeré bíi fáànù lè gé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa nRF Connect náà lẹ́yìn tí ẹ bá wò ó tán, kó má lọ di òun tó dì í mú.

3. Ẹ má so sensor mọ́ sẹ́tíńgì Bluetooth fóònù tàbí ti Windows bí ẹ ṣe ń so ìgbọ́rọ̀ etí. Inú áàpù kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ ti so ó. Tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú sẹ́tíńgì, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

4. Ẹ wo àṣẹ tí ẹ fún áàpù. Lórí Android títí dé 11, áàpù ò lè wá Bluetooth àyàfi tí ẹ bá gbà á láàyè láti mọ ibi tí ẹ wà, tí Location sì tan. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu, torí kò jọ pé ọ̀rọ̀ náà kan kẹ̀kẹ́ inú ilé. Láti Android 12, àṣẹ tí wọ́n ń béèrè ni Nearby devices. Lórí iPhone, Bluetooth lábẹ́ orúkọ áàpù náà nínú Settings ni. Ẹni tó tẹ "rárá" lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í rántí mọ́.

5. Bátìrì ló kàn. Ọ̀pọ̀ sensor kékeré ń lo CR2032, ìyẹn pẹlẹbẹ oní-fóltì (volt) 3. Irú bátìrì yìí kì í rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń dúró ṣánṣán títí yóò fi wó lójijì, nítorí náà àmì "bátìrì ti ń tán" lójú áàpù máa ń pẹ́ kó tó jáde. Tí ẹ bá ní mítà tí wọ́n fi ń wọn bátìrì, tuntun máa ń fi hàn ju fóltì 3 lọ díẹ̀. Èyí tó bá ti wà nísàlẹ̀ 2.8, ẹ jù ú nù. Àwọn kan nínú àwọn tuntun ní ohun kíkorò tí wọ́n fi pa ara wọn kí ọmọdé má baà gbé e mì, ohun náà sì lè má jẹ́ kí irin inú sensor míì kan bátìrì dáadáa. Tí bátìrì tuntun ò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbìyànjú irú míì kí ẹ tó dá sensor lẹ́bi. Ẹ gbé bátìrì pẹlẹbẹ jìnnà sí ọmọdé. Tó bá gbé e mì, ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni, ẹ má dúró wò ó bóyá yóò yà á.

Tó bá ń so, tó sì ń já

Ibí yìí ni wàhálà pọ̀ sí jù, ibí yìí náà sì ni àwọn èèyàn ti ń ra nǹkan tí wọn ò nílò. Wi-Fi, máìkírówéèfù, máòsì aláìní-wáyà, ANT+ àti Bluetooth, àdúgbò 2.4 GHz kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Ara èèyàn náà ń gbé ìgbì yẹn mì nítorí omi tó wà nínú wa. Tí láptọ́ọ̀pù bá wà lẹ́yìn yín tí bẹ́líìtì wà láyà, àyà yín gan-an ló ń dí ọ̀nà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí dongle wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, Intel gbé ìwé kan jáde tó fi hàn pé USB 3.0 fúnra rẹ̀ ń da ariwo rédíò jáde ní àdúgbò 2.4 GHz. Ihò USB aláwọ̀ búlúù inú láptọ́ọ̀pù, wáyà háàdì díìsìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ẹ wá fi dongle ANT+ sínú ihò yẹn gan-an, ẹ ti gbé etí sí ẹnu ẹ̀rọ ọlọ.

Wáyà ìfàgùn USB 2.0 ni ìtọ́jú rẹ̀. Mítà méjì tàbí mẹ́ta tó, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ fi ìdí rẹ̀ bọ láptọ́ọ̀pù, ẹ fi dongle sí ẹnu kejì, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ kẹ̀kẹ́ láàárín trainer àti pẹ́dà, kí ó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n apá kan sí méjèèjì. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú téèpù kí ẹsẹ̀ má baà gbá a, kí òógùn má sì kán sí i. Mo mọ̀ pé kò wu ojú. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ fi owó ra ohun kan ṣoṣo nítorí sensor tó ń já, wáyà yìí ni, kì í ṣe sensor tuntun.

Tí ó bá ṣì ń já, ẹ wo Wi-Fi yín. Orí 2457 MHz ni ANT+ ń sọ̀rọ̀, kì í kúrò níbẹ̀. Ìkànnì Wi-Fi 11 bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 2452 dé 2472, èyí túmọ̀ sí pé ó jókòó lé ANT+ lórí. Ìkànnì 6 parí sí nǹkan bí 2447, ìkànnì 1 sì jìnnà ju ìyẹn lọ. Ẹ wọ inú ráútà, ẹ gbé e sí 1. Ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ gbé láptọ́ọ̀pù tí ẹ fi ń gùn ún sórí 5 GHz, kí ó fi 2.4 sílẹ̀ fún sensor. Bí ẹ bá lè fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà, ọ̀rọ̀ tán. Ní ilé àkọ́pọ̀ ní Peckham tàbí ní Surulere, Wi-Fi aládùúgbò náà wà níbẹ̀, agbára yín ò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; 5 GHz àti wáyà ìfàgùn ni ẹ lè ṣe.

Bluetooth gbọ́n ju ANT+ lọ níbi èyí. Ó ń fò káàkiri orí àwọn ìkànnì tí iye wọn jẹ́ 37, ó sì ń sá fún èyí tí ariwo pọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí ANT+ bá ń já ní ilé yín, ẹ kàn lè so trainer náà pọ̀ nípasẹ̀ Bluetooth kí ẹ wò ó. Ohun tó máa ń pa Bluetooth láptọ́ọ̀pù ni kí ẹ ti sensor mẹ́rin bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú máòsì àti ìgbọ́rọ̀ etí lórí rẹ̀. Zwift ní áàpù kejì tó ń jẹ́ Companion, orí fóònù ló ń gbé. Ó lè gba sensor lórí Bluetooth fóònù kó sì fi ránṣẹ́ sí láptọ́ọ̀pù lórí Wi-Fi. Ẹ pín ẹrù náà báyẹn.

Fóònù fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ Android máa ń pa áàpù tí kò sí lójú fóònù lọ́wọ́lọ́wọ́ kí bátìrì lè pẹ́. Ẹ wọ sẹ́tíńgì bátìrì, ẹ yọ áàpù kẹ̀kẹ́ kúrò lára àwọn tí fóònù ń pa.

Fáànù ńlá tó wà láàárín dongle àti kẹ̀kẹ́, ẹ sún un. Máìkírówéèfù, ẹ má fi mú ọbẹ̀ gbóná lásìkò ìdíje.

Iná

Ẹ̀yin tó wà nílé lóye èyí ju àwọn tó kọ ìwé ìlànà trainer lọ. Trainer tó ń lo pulọ́ọ̀gì yóò kú bí iná bá ṣẹ́jú péré. Tí NEPA bá mú iná lọ tí inverter gbé e, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ yẹn tó láti pa trainer àti ráútà, kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, kò kú, torí náà lójú rẹ̀ ó dà bí ẹni pé sensor já. Bí gílóòbù bá ṣẹ́jú nígbà tó já, ìdáhùn yín wà níbẹ̀. UPS kékeré tí àwọn èèyàn ń fi sí ìdí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yóò gbé trainer àti ráútà kọjá àlàfo yẹn. Àwọn trainer kan wà tí kò bìkítà: Tacx Neo lè ṣiṣẹ́ láìsí pulọ́ọ̀gì rárá, ẹsẹ̀ yín ló ń fún un ní iná, ìgbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè ni kò ní lè fa kẹ̀kẹ́ yín síwájú.

Ẹni tó ń gbèrò láti ra trainer tuntun, kí ó béèrè bóyá ó ní ọ̀nà wáyà tàbí Wi-Fi. Wahoo KICKR ọdún 2020 lè fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì so mọ́ ráútà, ti 2022 sì ní Wi-Fi nínú ara rẹ̀.

Tí nọ́ńbà ò bá bójú mu

Bẹ́líìtì àyà tó sọ pé ọkàn yín ń lù ní 210 ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kò já. Gbígbẹ ló gbẹ. Láàárín ara gbígbẹ àti aṣọ ọ̀rá tí fáànù ń fẹ́, iná mọ̀nàmọ́ná kékeré máa ń kó jọ, bẹ́líìtì á sì kà á mọ́ ìlù ọkàn. Ẹ wo inú bẹ́líìtì, ẹ ó rí ibi méjì tó ń dán tàbí tó dúdú bí rọ́bà. Omi ni kí ẹ fi pa á kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ wọ̀ ọ́ kó le díẹ̀. Lẹ́yìn ìdárayá, ẹ já ẹ̀rọ kékeré iwájú kúrò lára bẹ́líìtì, ẹ ṣan bẹ́líìtì, ẹ fi kọ́. Tí ẹ bá fi méjèèjì sílẹ̀ ní síso pọ̀ nígbà tí bẹ́líìtì tutù, ẹ̀rọ náà á rò pé ẹ ṣì wọ̀ ọ́, bátìrì á máa lọ ní gbogbo òru. Iyọ̀ òógùn yóò sì máa jẹ irin bọ́tìnì méjèèjì náà. Bí ẹ bá rí àwọ̀ ewé níbẹ̀, ọtí ìfọgbẹ́ lórí òwú á mú un kúrò.

Ọ̀pọ̀ aago ọwọ́ kì í fi ìlù ọkàn ránṣẹ́ fúnra wọn. Ẹ ní láti tan ohun tó ń jẹ́ broadcast nínú rẹ̀.

Wáàtì tó ga jù tàbí tó kéré jù: ẹ gùn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí trainer gbóná, kí ẹ wá ṣe spindown (ìtúnwọ̀n tí ẹ ó ti wa pẹ́dà yára, kí ẹ wá fi sílẹ̀ kó rọra dúró fúnra rẹ̀) nínú áàpù iléeṣẹ́ tó ṣe é. Trainer tí táyà ń fara gbá ní láti ní afẹ́fẹ́ kan náà nínú táyà ní gbogbo ìgbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wáàtì òní ò ní bá tàná mu. Nínú ojú ìwé tí Zwift fi ń so sensor, ẹ rí i pé trainer kan náà ló wà ní àyè tó ń mú wáàtì wá àti àyè tí Zwift fi ń darí líle pẹ́dà, àti pé ọ̀nà kan náà, ANT+ tàbí Bluetooth, ni méjèèjì ń gbà. Bí tọkọtaya bá ń gùn ún nínú yàrá kan, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ sensor. Ẹ kọ ọ́ sórí téèpù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ti gbọ́ ti ẹni tó fi ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ borí ìdíje.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn ń pè ní àìsàn sensor tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí trainer bá wà ní ipò tí wọ́n ń pè ní ERG, òun ló ń pinnu wáàtì. Tí ẹsẹ̀ yín bá rọ̀, á le sí i kó lè dé wáàtì tó fẹ́, ẹsẹ̀ á tún rọ̀ sí i, títí pẹ́dà á fi dúró. Kò já. Ẹ pa ERG díẹ̀, ẹ tún yára wa pẹ́dà, ẹ tan án padà.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ dá a padà

Ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, ẹ gùn ún díẹ̀ kí ẹ tó yí òmíràn, ẹ sì kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀. Bí sensor bá ní bátìrì tuntun, tí ó wà ní mítà kan péré sí fóònù míì tí kò bá a pàdé rí, tí gbogbo Bluetooth yòókù wà ní pípa, tó sì tún ń já, ó bàjẹ́. Ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀ àti rìsíìtì. Ẹ wá fódà Zwift lórí kọ̀ǹpútà (ó lè wà nínú Documents), ẹ ṣí i, lẹ́yìn náà Logs, fáìlì Log.txt tó wà níbẹ̀ kọ gbogbo àkókò tí sensor so àti tí ó já sílẹ̀. Ẹ fi í mọ́ lẹ́tà tí ẹ kọ sí ẹni tó tà á, pẹ̀lú àwọn ohun tí ẹ ti yí padà ní ẹsẹẹsẹ, kí wọ́n má baà tún sọ fún yín pé kí ẹ pa á kí ẹ tan án.